Àmì Àyọlò Tó Já Bọ́ Lọ́nà

Òórùn ike gbígbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kì í ṣe ti ike tó ń jóná lórí ààtàn o. Ìyẹn le, ó sì máa ń ta ni nímú. Èyí tí mò ń sọ dùn díẹ̀, bíi ṣúgà tó fẹ́ jóná nínú ìkòkò, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé tí mo bá dé yàrá wa ní Dópẹ̀mú nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ́ kí n fìdí kan bẹ́ẹ̀dì kí n tó pààrọ̀ aṣọ. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń gbé òórùn náà bọ̀ wà lẹ́yìn Àgídìngbì, níbi tí ọgbà ilé iṣẹ́ kan ti fara ti òmíràn, tí èèyàn ò rí nǹkan kan ju ògiri gíga, géètì onírin àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó tò síwájú wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, bútà àti agbọ̀n ìkóṣọsí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Èmi ni ọmọ yunifásítì tí wọ́n gbà pé kó wá máa bójú tó ìkànnì ilé iṣẹ́ náà lórí ayélujára. Lọ́jọ́ tí mo dé ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹnu ìdánwò ni mo wà, pé tí iṣẹ́ mi ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí n máa lọ láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Mo fẹ́ kó yé ẹ bí ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn ṣe rí lára mi, torí tí kò bá yé ẹ, ìyókù ọ̀rọ̀ yìí á dà bí àsọdùn létí ẹ. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo ti sin ìlú, mo sì ti jókòó sílé títí ara fi tì mí. Tí fóònù bá dún, àyà mi á já. Tí kò bá dún, àyà mi á tún já. Màmá mi, tó ń ṣe tíṣà ní Èkìtì, ti dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti jẹ́rìí pé ọmọ àwọn ríṣẹ́ l'Ékòó, gbogbo ìjọ sì ti bá wọn kọrin ọpẹ́. Mo wá ń rò ó lọ́kàn mi pé tí wọ́n bá lé mi, kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n lé, wọ́n ti lọ gba ọpẹ́ yẹn padà lẹ́nu màmá mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé ìrònú ọmọdé ni. Síbẹ̀ òun ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

Àwọn ará ibẹ̀ ò sì fẹ́ràn mi. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì ti ní ọmọ àbúrò rẹ̀ kan lọ́kàn fún iṣẹ́ náà kí n tó dé. (Àgbà ni ọkùnrin náà, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí bí mo ṣe ń pe àwọn àgbà yòókù. Ẹnu mi ò gbà á.) Tí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ẹ̀yìn mi ló máa ń wò, bíi pé ẹlòmíì ló ń kí i. Á wá ní, "Gírádúéètì, ṣé kọ̀ǹpútà ẹ ti jí, àbí ká ránṣẹ́ pe wòlíì wá?" Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Lójú àwọn tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ, ọmọ ọ́fíìsì ni mí, ọmọ ọ́fíìsì kì í sì í ṣe èèyàn wọn. Olùdarí wa, obìnrin gíga kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Màdámù, ọmọ Èkìtì ni àwọn náà. Mo fi ẹ̀ka èdè wa kí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Iṣẹ́ ni mo gbà ẹ́ fún." Mi ò dán an wò mọ́.

Màdámù ló fẹ́ ojú ewé kan lórí ìkànnì náà tí wọ́n á ti fi Yorùbá bá àwọn oníbàárà àti àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n mú bírò, kí n tẹ̀ lé àwọn wọnú ilé ẹ̀rọ. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹnu èèyàn lo máa ń wò kí o tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n dúró ti ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n gbá ìbòrí onírin tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n kùn ní yẹ́lò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí mi létí. Wọ́n ní kí àwọn tó dé ilé iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ yẹn kò ní ìbòrí, ó sì ti gé èèyàn lọ́wọ́. "Ṣé o mọ ohun tí ẹni tó wà nípò yìí ṣáájú mi máa ń sọ tí wọ́n bá ti dárúkọ ìjàǹbá yẹn?" Kí n tó dáhùn, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n fi yí orí wọn ká, wọ́n sì ta ìka síhà ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń ju ohun ẹlẹ́gbin síta. "Ká má rí i," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà jáde: ẹ̀rọ kì í gé ẹni tó bá ń wojú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ ń gé. "Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí. Òun ló jẹ́ kí n ṣe ìbòrí yìí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má dárúkọ rẹ̀ o, ó ṣì ní èèyàn níbí."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ ọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìkànnì, olùkọ́ wa kórìíra jákujàku. Wọ́n kọ́ wa pé HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé orí ayélujára, kì í ṣe nǹkan ọ̀ṣọ́ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́: àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì nìyí. Tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tí o fẹ́ yọ lò bá gùn, àmì tirẹ̀ wà tó máa ń yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi ìpínrọ̀. Tó bá kúrú, tó sì wà láàárín ọ̀rọ̀ tìrẹ, wàá fi <q> ṣí i, wàá sì fi </q> tì í. O ò ní tẹ àmì àyọlò kankan fúnra ẹ. Bráúsà, ìyẹn ohun tí èèyàn fi ń wo ìkànnì lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ni yóò rí q yẹn, tí yóò sì fi àmì àyọlò síwájú àti sẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Tí o bá tún fọwọ́ tẹ tìrẹ, àmì á di méjì-méjì. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn gan-an. Ó dà bíi pé nínú ayé tí ẹnikẹ́ni lè gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sọ, ibì kan wà tí wọ́n ti bìkítà láti sọ pé ẹnu báyìí ni ọ̀rọ̀ báyìí ti jáde. Ara mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ti ti q, bíi pé mo ti ilẹ̀kùn kan dáadáa.

Ọ̀gá ọ́fíìsì dúró lẹ́yìn mi níjọ́ tí mò ń ṣe é. "Kí ló ṣe ẹ́ tí o ò lè tẹ àmì bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́?"

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyí sà."

"Bó ṣe yẹ!" Ó yí sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyí." Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ mi di Bó-Ṣe-Yẹ. Bó-Ṣe-Yẹ, wá ṣílẹ̀kùn. Bó-Ṣe-Yẹ, jẹnẹrétọ̀ ti kú, lọ wò ó bó ṣe yẹ. Ó tàn dé ilé ẹ̀rọ, ó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ géètì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ń dùn mí. Mo sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

Ojú ewé náà jáde. Màdámù kà á lórí fóònù wọn, wọ́n sì mi orí. Ìmiorí yẹn nìkan tó mi í jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní inú mi ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má lo ọ̀rọ̀ yẹn.

Obìnrin kan wà nílé ẹ̀rọ tó máa ń di bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá, òun nìkan ló máa ń sún fún mi lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ó ka ojú ewé náà, ó sì wù ú. Ó fi ìka tẹ ibi tó wù ú jù, láti ibi tí àmì àyọlò ti ṣí, ó kọ́pì í, ó lẹ̀ ẹ́ sínú gúrúùpù àwọn òṣìṣẹ́ lórí fóònù, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọ̀rọ̀ Màdámù wa, ẹ kà á. Inú rere ló fi ṣe é. Ohun tí àwọn yòókù sì rí nìyí: Ẹ̀rọ kì í gé ẹni tó bá ń wojú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ ń gé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Gbólóhùn tó sọ pé ẹnu ẹlòmíì ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde ti wà lókè, kò bá a rìn.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni pé mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ wa, kò sí òórùn ike, kò sí ariwo ẹ̀rọ. Nígbà tí mo yọ sí géètì ni mo rí i pé gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ló wà níta, pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn.

"Bó-Ṣe-Yẹ ti dé o!"

"Òun ló kọ ọ́. Ẹ bi í!"

"Àǹtí ọ́fíìsì, ẹ káàárọ̀ o. Àwa ọ̀lẹ la ń kí yín."

Ẹnì kan fa báàgì mi. Ẹnì kan tutọ́, kò tutọ́ sí mi lára, ṣùgbọ́n ó rí i pé mo rí i. Mi ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ti ń tẹrí ba bẹ̀ wọ́n. Ìwà mi nìyẹn: ara mi máa ń jẹ̀bi kí etí mi tó gbọ́ ẹ̀sùn.

Ọ̀gá ọ́fíìsì ló dúró dè mí nínú. Kò jẹ́ kí n jókòó. "Pa ojú ewé yẹn rẹ́. Ní báyìí báyìí." Mo béèrè ìdí rẹ̀. "Ṣé èmi àti ìwọ jọ ń bára wa sọ̀rọ̀ ni?" Mo pa á rẹ́. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ igbe níta: "Wọ́n ti dìlíìtì ẹ̀ o! Ẹ wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́!" Ojú ewé tí ì bá gbà wá sílẹ̀ ló di ẹ̀rí pé a ní nǹkan tí à ń fi pa mọ́.

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Màdámù bí ẹni mú olè. Wọ́n na fóònù sí mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lẹ̀ sínú gúrúùpù ló wà lójú rẹ̀. Ẹnì kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú èébú. Màdámù ní, "Mo ní kí o kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. O wá kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ mi."

"Rárá mà. Mo fi àmì sí i."

"Ibo ló wà?"

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni," ọ̀gá ọ́fíìsì ní. "Mo sọ fún yín mà. Òun àti obìnrin tó ń di ẹrù yẹn jọ máa ń jẹun pọ̀ ni. Àwọn ará ilé ẹ̀rọ ló rán an níṣẹ́."

Mo tún wo ọ̀rọ̀ náà. Ojú mi ti kún fún omi, mi ò fẹ́ kó já. Ibi tí mo ti ń tẹjú mọ́ ọn kí omijé má baà já ni ó ti yé mi, lójijì, bí ìgbà tí iná bá dé. Àmì náà kò sí nínú ọ̀rọ̀. Kò sí níbẹ̀ rí. Bráúsà ló ń fi í síwájú àti sẹ́yìn nígbà tí èèyàn bá ń wò ó. Ohun tó ń fi hàn ni, kì í ṣe ohun tí mo tẹ̀. Tí èèyàn bá wá kọ́pì ọ̀rọ̀ náà gbé lọ síbòmíì, ọ̀rọ̀ á lọ, àmì á dúró sílé. Mo ṣàlàyé ẹ̀. Mo ṣàlàyé ẹ̀ púpọ̀ jù, bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rí i tí ojú Màdámù ń le sí i.

"O ń sọ fún mi pé àmì wà níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀."

"Ó wà lójú mà. Kò sí nínú ọ̀rọ̀."

"Dá ojú ewé náà padà," wọ́n ní. "Lẹ́yìn náà kí o jáde lọ sọ ohun tí o sọ yìí fún wọn. Tí wọn ò bá gbà ẹ́ gbọ́, má padà wọlé."

Ìyẹn ni pé kí n máa lọ sí Dópẹ̀mú, kí n lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ̀gbọ́n mi sì wá bí a ṣe máa sọ ọ́ fún màmá wa. Mo dá a padà. Mo jáde.

Olórí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, lábẹ́ ibi tí òjìji ògiri bọ́ sí. Àgbà ọkùnrin yìí ni ẹ̀rọ náà gé. Àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ti lọ. Méjì tó kéré ló kù, wọ́n sì gbé ọwọ́ náà lé orúnkún níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Bàbá ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde," Bàbá ní. "Èèyàn kì í kúnlẹ̀ fún ọ̀lẹ."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí ojú ewé náà lórí fóònù tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ti ṣe nǹkan sí tèmi. Bàbá fi ọwọ́ òsì ṣí i. Wọ́n kà á láti òkè, wọ́n sì gbé fóònù náà sún mọ́ ojú.

"Àmì wà níbí."

"Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i!" ẹnì kan kígbe. "Ṣé iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

"Bó ṣe yẹ ló fi sí i!"

Mo ní, "Ẹ kọ́pì í sà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú gúrúùpù yín." Mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi àwọn ṣeré níwájú èèyàn. Síbẹ̀ wọ́n fi àtàńpàkò òsì tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó pẹ́ kí wọ́n tó mú un dáadáa, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn tẹ orí ba. Mo ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń wá àmì náà tí wọn ò rí i, tí wọ́n ń na ọrùn wo fóònù Bàbá níbi tó ṣì wà, tí wọ́n sì tún ń padà sí tiwọn.

Obìnrin tó ń di ẹrù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín pé àmì wà níbẹ̀, ẹ ní irọ́ ni mò ń pa!" Ó wá kọjú sí mi, ojú rẹ̀ ti wú, ó hàn pé kò sùn. "Ìwọ náà! O mọ̀ pé ó máa ń já bọ́, o ò sọ!"

"Mi ò mọ̀."

"Kí lo wá lọ kọ́ ní yunifásítì?"

Kò tún sún fún mi lórí bẹ́ńṣì yẹn mọ́ títí mo fi kúrò.

Mo rò pé ó ti tán. Mo ti jàre, mo sì ń dúró de ìfọ̀kànbalẹ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Bàbá fi fóònù sápò. Wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Ó já bọ́ lọ́nà. Nígbà tí Màdámù ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ, báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́?"

Mi ò mọ bí mo ṣe lè fẹnu sọ ọ́, mo kàn ṣe é ni. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi yí orí mi ká, mo ta ìka síta, mo ní, "Ká má rí i."

"Ìyẹn ńkọ́? Kí ló dé tí o ò kọ ìyẹn?"

"Mo rò pé àmì náà ti tó sà."

"Ó tó fún ta ni?"

Bàbá ò dúró gba èsì. Wọ́n dìde, wọ́n yí sí ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n sì gbóhùn sókè. "Ọ̀rọ̀ báyìí, ẹni tó bá gbé e láìta ìka, òun ló ni ín! Kí Màdámù jáde wá sọ ọ́ lójú wa!" Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n ń gbá ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ọ́fíìsì yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n túká. Ẹnì kan ju bútà, ó ba férémù, orí ọ̀gá náà sì padà wọlé.

Màdámù jáde. Wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó kí wọn. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

"Àwa ni," Bàbá ní.

Wọ́n tú apá. Mo rí i pé ó le fún wọn, wọ́n dà bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ bàtà níwájú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n fi yí orí ká, wọ́n ta á síta. "Ká má rí i. Ẹnu mi kọ́." Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo rẹ̀, títí dé ibi tí ọ̀lẹ wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sílẹ̀, gbogbo ọwọ́ tó wà nínú ọgbà yẹn ló gbéra. Àwọn tó ti ń bú wọn, àwọn tó ń gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì, obìnrin tó ń di ẹrù, èmi náà. Ọwọ́ yí orí ká, ìka sì ń dún níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Àṣà ara ni, kì í ṣe ìdáríjì. Ìbínú ṣì wà lójú wọn bí ọwọ́ wọn ṣe ń yí. Ọwọ́ Bàbá náà gbéra, ọwọ́ ọ̀tún, torí òun ni ara wọn mọ̀. Ó yí orí wọn ká, wọ́n nà án síta, kò sì dún. Ìka méjì tó kù wá ìka tí wọ́n á fi ta, wọn ò rí i. Bàbá wo ọwọ́ náà bíi pé wọ́n ti gbàgbé. Màdámù náà ń wò ó. Ìka àwọn yòókù dún tán.

"Ẹ̀rọ méjì tó wà lẹ́yìn ò tíì ní ìbòrí," Bàbá ní.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀."

Òṣìṣẹ́ kan ní tí wọ́n bá pẹ́ sí i, ike á dì mọ́ inú ẹ̀rọ, àwọn náà ni wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn fọ́ ọ jáde. Wọ́n bá wọlé, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìwojú mi. Kò pẹ́ tí òórùn ṣúgà yẹn fi tún gba afẹ́fẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Màdámù pè mí. "Kọ 'ẹnu mi kọ́' síwájú ọ̀rọ̀ yẹn. Àmì náà, fi ọwọ́ ara ẹ tẹ̀ ẹ́." Mo ní ẹ ṣé mà. Wọ́n ní, "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Bó-Ṣe-Yẹ ṣì ni mí lọ́la rẹ̀, àti lọ́túnla. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní tòótọ́ nígbà tí ìdánwò náà parí, mo sì wà níbẹ̀ títí mo fi rí iṣẹ́ mìíràn ní ìtòsí Onígbòǹgbò. Kí n tó lọ, ìbòrí ti dé ara ẹ̀rọ méjèèjì tó wà lẹ́yìn, wọ́n sì kùn wọ́n ní yẹ́lò bíi ti àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ní kí n kọ ìyẹn sórí ìkànnì.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Nígbà mìíràn inú máa ń bí mi sí Bàbá, torí mi ò gbà pé mo ṣẹ̀. Ohun tí mo kọ tọ̀nà, ó ṣì tọ̀nà dòní. Mo ṣì ń lo q, mo sì ń kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ mi ní ibi tí mo wà báyìí pé kí wọ́n máa lò ó, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí mo rò pé mo ń tì kì í bá ẹrù rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ búburú máa ń jáde nílé láìwọ bàtà, ẹni tó bá sì gbé e dé ibòmíì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti wá a. Nítorí náà kí n tó ṣí q fún ọ̀rọ̀ tó lè dun ẹnì kan, mo máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́, nínú gbólóhùn kan náà, ẹnu ẹni tó ti jáde àti ohun tí ẹni tó ń tún un sọ rò nípa rẹ̀, kí ẹni tó bá kọ́pì í má lè fi ìyẹn sílẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ó gùn jù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gùn.

Àti pé, ní ọ́fíìsì wa, tí ẹnì kan bá ka ìròyìn burúkú lórí fóònù, tó gbé ọwọ́ yí orí ká tó sì ta á, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó ta tèmi. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Etí mi ló ń dúró de èyí tí kò dún.